Òṣùwọ̀n ní mi ò sanra, ó ní ọkọ mi ló sanra: ta ni ojú ń tàn jẹ nínú wa?

Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Èmi àti ọkọ mi jọ lọ fún àyẹ̀wò ara. Kí nọ́ọ̀sì tó ní ká gun òṣùwọ̀n, ó kọ́kọ́ bi wá pé, "Ẹ̀yin fúnra yín, báwo lẹ ṣe rí ara yín? Ṣé ẹ rù ni, ṣé ó mọ níwọ̀n, àbí ẹ ti sanra jù?" Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ní mo ti sanra jù. Ọkọ mi ní ara òun mọ níwọ̀n, bóyá ikùn nìkan ló yẹ kí òun bá wí díẹ̀.

A gun òṣùwọ̀n. Èmi, kílò 62. Gíga mi, mítà 1.65. Ọkọ mi, kílò 96. Gíga rẹ̀, mítà 1.74. Nọ́ọ̀sì ṣírò ó lójú wa. Ó ní tèmi wà ní àárín ibi tó dára gan-an, pé kò tiẹ̀ sún mọ́ ààlà. Ó ní ti ọkọ mi ti kọjá ibi tí wọ́n ń pè ní "ó sanra jù", ó ti wọ ibi tí dókítà ti ń kà á sí àìsàn. Ọkọ mi ní òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nípa tèmi.

Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi. Láti ìgbà náà mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò tó gbé mi látorí dé ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yà wá, ẹ̀yìn àwọn ọmọ ni mo máa ń dúró sí. Aṣọ mẹ́ta wà nínú àpótí mi tí mi ò tíì wọ̀ rí, mo ní ó di ìgbà tí mo bá fọn. Mo ti febi pa ara mi títí tí òòyì fi kọ́ mi níbi iṣẹ́. Gbogbo ìyà yẹn, ara tí kò ṣe nǹkan kan ni mo fi ń jẹ!

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Kí ló dé tí ojú tèmi fi ń bù kún ara mi, tí ojú ọkọ mi sì ń bù kúrò nínú tiẹ̀? Báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ òótọ́ nípa ara yín? Àti pé báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́ tí kò ní dìjà? Ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ gbé e síta. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń wọn èèyàn, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tọkọtaya yín kì í ṣe tiyín nìkan. Ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tí wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀, ibì kan náà ló ń fì sí: obìnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ dára ló máa ń sọ pé òun ti sanra jù, ọkùnrin tó ti sanra jù ló sì máa ń sọ pé òun wà dáadáa. Kì í ṣe gbogbo obìnrin, kì í ṣe gbogbo ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó máa ń gbà nìyẹn. Bí ẹ bá tiẹ̀ ní kí èèyàn kàn fẹnu sọ ìwọ̀n rẹ̀ láìgun òṣùwọ̀n, tọkùnrin tobìnrin ló ń bù nínú kílò, tí wọ́n sì ń bù kún gíga. Obìnrin ló ń bù nínú kílò jù, ọkùnrin ló ń fi kún gíga jù.

Ìṣirò tí wọ́n ṣe fún yín, BMI ni. Ẹ fi gíga yín ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi èyí tó bá jáde pín kílò yín. 1.65 lọ́nà 1.65 jẹ́ 2.72, ẹ fi pín 62, ó di 22.8. Ti ọ̀gá wa nílé, 1.74 lọ́nà 1.74 jẹ́ 3.03, ẹ fi pín 96, ó di 31.7. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹni tí kò tó 18.5 ti rù jù, láti 18.5 dé 24.9 ló dára; láti 25 ó ti ń sanra jù; láti 30 lọ sókè ó ti di àìsàn. Fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Éṣíà, àwọn onímọ̀ àjọ náà sọ ní 2004 pé ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ láti 23.

Àmọ́ ẹ má fi BMI ṣe adájọ́ kan ṣoṣo. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ láàárín 1830 sí 1840. Kì í ṣe dókítà, ọ̀pọ̀ èèyàn lápapọ̀ ló sì ń wò, kì í ṣe ẹnì kan. Ọdún 1972 ni Ancel Keys, onímọ̀ nípa ara èèyàn ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ tí a ń pè é lónìí. Kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí. Ọ̀rá tó wà nínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, léwu ju èyí tó wà ní itan àti ìdí lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú tépù. Ẹ wá ibi tí egungun ìhà parí sí, ẹ wá orí egungun ìbàdí, àárín méjèèjì ni kí tépù gbà. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, ẹ má fa ikùn wọlé, kí tépù má sì há mọ́ yín lára. Fún ọkùnrin, bó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, ewu ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọjá 102, ó ti pọ̀. Fún obìnrin, 80 àti 88 ni. Ẹni tí orí rẹ̀ kò gba iye púpọ̀ dúró, kó mú èyí kan: kí àyíká ikùn yín má tó ìdajì gíga yín. Ti ọkọ yín, kó má tó 87.

Aránṣọ Tọkùnrin-Tobìnrin

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí, torí tépù ni mo fi ń jẹun.

Bí obìnrin bá wọlé, kí n tó ju tépù sọ́rùn, ó ti ń bẹ̀ mí. "Ẹ má bínú o, mo ti sanra." Èmi ò tíì sọ nǹkan kan. Bí mo bá ń wọ̀n ọ́n, òkè àjà ló ń wò. Ó máa fa ikùn wọlé títí màá fi ní kó mí, torí bí mo bá gé aṣọ sí ikùn tó fà wọlé, kò ní lè jókòó nínú rẹ̀. Ìgbà mìíràn ó máa bẹ̀ mí pé kí n rán an kó fún díẹ̀, pé òun máa fọn kí ọjọ́ náà tó pé. Ara tó gbé wá kọ́ ló fẹ́ kí n ránṣọ fún, ara tó ń retí ni.

Ọkùnrin ní tiẹ̀ kì í fẹ́ kí n wọ̀n òun. "Ínṣì 34 ni ìbàdí mi, 34 ni mò ń wọ̀ látìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́." Mo bá fi tépù gba ìdodo rẹ̀, ó di 43. Ẹ má pè é ní òpùrọ́ o. Ṣòkòtò ọrùn rẹ̀ 34 ni lóòótọ́. Ikùn ló ti yọ síwájú, tí ṣòkòtò sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi wá jókòó sí abẹ́ ikùn, níbi tí ara kò ti tíì yí padà. Lọ́dún dé ọdún, nọ́ńbà ṣòkòtò ò yí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ lọ wo ṣòkòtò ọkọ yín tó ti pẹ́ jù nílé. Ẹ wo ìtẹ̀ rẹ̀ níwájú, ẹ máa rí i pé ó ti ṣẹ́ síta, torí ikùn ló ń tì í lulẹ̀. Ẹ wo bẹ́líìtì, ojú irin rẹ̀ á ti máa dojú kọlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò níbi gìgísẹ̀. Bó bá ti gbó, tí òwú ti ń yọ níbẹ̀, tí gíga ọkọ yín ò sì dín, ẹ mọ̀ pé ṣòkòtò náà ti sọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń wọ́ nílẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi ti ń mọ ẹni tí ikùn rẹ̀ ti yọ, kó tiẹ̀ tó bọ́ kóòtù.

Ẹ̀yin obìnrin, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi nọ́ńbà inú aṣọ wọn ara yín. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún aṣọ rẹ̀ ní nọ́ńbà tó wù ú. 12 lọ́dọ̀ ẹnì kan lè jẹ́ 16 lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ wọn sì ti fẹ aṣọ sí i láti ọdún pípẹ́ wá láìpààrọ̀ nọ́ńbà. Mo ti rí i tí obìnrin sunkún níwájú mi nítorí nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ lọ́rùn. Látìgbà náà mi ò ka ìwọ̀n síta mọ́, ṣe ni mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Àlàní

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, èmi gan-an lẹ ń sọ. Mo kà á tán, mo dìde lọ wo ṣòkòtò mi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti gbó.

Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú ni okùn bàtà. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá tẹ̀ ba láti so bàtà, mo máa ń dá èémí dúró, bí mo bá sì dìde, ojú mi á ti pọ́n. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì kí n tó bi ara mi pé kí ló dé. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí ọjọ́ tí mi ò wo dígí, mi ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ bí mo ṣe máa ń wò ó? Iwájú ni mo máa ń dúró sí, tí mo sì máa ń na ẹ̀yìn. Ọmọ mi obìnrin ló wá ya fọ́tò mi ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín, láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mo bi í pé ta ni bàbá yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ọkàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè àǹtí pé "kí ló dé" ni mo fẹ́ fèsì sí, torí ohun tí mò ń kọ́ níléèwé nìyẹn.

Ní 1983, Albert Stunkard, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán ara èèyàn mẹ́sàn-án jáde, láti ẹni tó rù jù dé ẹni tó sanra jù, tọkùnrin tobìnrin. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, April Fallon àti Paul Rozin, àwọn onímọ̀ ọkàn, fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí kálukú tọ́ka sí èyí tó jọ ọ́ báyìí, èyí tó wù ú kó jọ, àti èyí tó rò pé ó máa fa ojú ẹlòmíràn mọ́ra jù: kí obìnrin sọ èyí tó rò pé ọkùnrin fẹ́, kí ọkùnrin sọ èyí tó rò pé obìnrin fẹ́. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sójú kan náà. Ọ̀dọ̀ obìnrin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà síra: ara tó ní òun ní ló sanra jù, èyí tó rò pé ọkùnrin fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, èyí tó wu òun fúnra rẹ̀ tún wá tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyẹn náà lọ.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Wọ́n tún bi wọ́n pé irú ara wo ló wu àwọn gan-an lára ẹnì kejì. Ara tí àwọn ọkùnrin ní ó wu àwọn sanra ju èyí tí àwọn obìnrin rò pé ó wù wọ́n lọ. Àwọn ọkùnrin náà ṣì í: wọ́n rò pé obìnrin fẹ́ ọkùnrin tó tóbi ju èyí tí àwọn obìnrin ní ó wu àwọn lọ. Ẹ ò rí i pé àǹtí ń sá fún ojú tí kò sí ẹni tó fi ń wò wọ́n, bọ̀dá náà sì ń gbára lé ìyìn tí ẹnikẹ́ni ò yìn wọ́n.

Ìdí mìíràn wà tí kò yọ obìnrin tàbí ọkùnrin sílẹ̀. Ojú máa ń kọ́ ohun tó ń rí lójoojúmọ́, yóò sì pè é ní déédéé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2022, àgbàlagbà bílíọ̀nù 2.5 ló ti sanra jù láyé, ìyẹn ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ pé ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó yí yín ká ló tóbi, ẹni tó tóbi kò ní jọ ẹni tó tóbi lójú yín mọ́. Ẹni tó bá sì ń wo àwòrán àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ lórí fóònù, ojú tiẹ̀ náà á kọ́ ìyẹn, á wá máa rí ara tó dára bí ẹni tó sanra.

Dígí náà ò ṣeé gbára lé tó bí a ṣe rò. Bí omi gbígbóná bá ti jẹ́ kí ooru bo dígí, ẹ fi ìka fa ìlà yí ojú ara yín ká bí ẹ ṣe ń rí i nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi rúlà wọn ohun tí ẹ yà. Ìdajì ojú yín ni, bí ẹ sún mọ́ ọn, bí ẹ jìnnà sí i. Ojoojúmọ́ ni à ń wò ó tí a ò sì mọ̀. Ti fóònù tún burú sí i, torí ohun tó bá sún mọ́ ojú kámẹ́rà ló máa ń sọ di ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ara yín ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ẹ má fi fọ́tò yẹn dájọ́ imú yín, áńbọ̀sì ikùn.

Tẹ́ẹ́rẹ́

Mo ti ń ka ibí yìí fún ọdún mẹ́ta, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá kọ nǹkan.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ dúpẹ́ pé òòyì lásán ló kọ́ yín. Tèmi dé kílò 47, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.68. Ẹ ṣírò ó, kò pé 17. Síbẹ̀ mo máa ń fún itan mi lálẹ́, mo máa ń sọ pé ọ̀rá rèé. Nǹkan oṣù mi dúró fún oṣù méje. Irun ń já bọ́ sínú kọ́ọ̀mù. Otútù ń mú mi nígbà tí gbogbo èèyàn ń làágùn. Àwọn tí mo bá pàdé sì ń sọ pé, "O mà dára o, sọ ọgbọ́n tí o dá fún wa." Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti yìn mí bẹ́ẹ̀ ni mo tún máa ń dín oúnjẹ kù.

Ohun tó gbà mí ni pé àbúrò mi tẹ̀lé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà sì so mí pọ̀ mọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọkàn. Ọkàn ló ń ṣàìsàn, ojú kàn ń jíṣẹ́ fún un ni. Mo ṣì ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ̀ ń pọ oúnjẹ sílẹ̀ níkọ̀kọ̀, tàbí tí ẹ̀ ń gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ẹ má dúró kí kílò tó sọ pé ó tó àkókò. Ó ń mú ọkùnrin náà. Mo pàdé méjì níbi ìtọ́jú, àwọn méjèèjì ló pẹ́ wá, torí kò sẹ́ni tó rò pé ó lè ṣe ọkùnrin.

Agbérin

Àbúrò mi Tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kú ìfaradà. Màá fi tèmi tì í.

Kílò 91 ni mí, mítà 1.78. BMI mi 28.7, bí ẹ bá fi ìwé dájọ́, mo ti sanra jù. Àyíká ikùn mi 84. Irin ni mò ń gbé láti ọdún kọkànlá sẹ́yìn, iṣan ló pọ̀ lára mi. Ibi tí BMI ti máa ń ṣì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Bí mo ṣe tóbi tó yìí, bí mo bá bọ́ ẹ̀wù, ọmọkùnrin tó rù ni mò ń rí. Ẹ̀wù àwọ̀sórí méjì ni mo máa ń wọ̀ ká má bàa mọ̀ pé ọwọ́ mi kéré. Ọjọ́ tí mi ò bá lè lọ gbé irin, mi ò kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Harrison Pope, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa irú wa ní 1993, lára àwọn tó ń gbé irin ni wọ́n ti rí i: ẹni tó tóbi tó ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tó kéré. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo mọ̀ pé mi ò dá wà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ọkùnrin ò kì í ronú nípa ara rẹ̀, ẹ má gbà. À ń rò ó, a ò kàn kì í sọ ọ́ ni.

Òótọ́-Korò

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, èmi ò rí ohun tó le nínú bíbá ọkọ yín sọ ọ́. Ẹ wò ó lójú kí ẹ ní, "Baálé mi, ẹ ti sanra." Òtítọ́ kì í pa èèyàn. Gbogbo rírọra sọ ọ́ yìí ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru máa pa wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bọ̀dá Òótọ́-Korò, mo gbọ́ yín, ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù náà ni mò ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ lójú bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: onítọ̀hún kì í padà wá. Ó di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú tàbí tí àtọ̀gbẹ bá ti wọlé kí n tó tún rí i.

Àwọn tó ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń tẹ̀lé àwọn èèyàn kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé àwọn tó ka ara wọn sí ẹni tó sanra jù ló tún ń sanra sí i ju àwọn tí kò ka ara wọn bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ òótọ́ ni wọ́n rò tàbí irọ́. Ó ta kókó díẹ̀, àmọ́ mò ń rí i níbi iṣẹ́. Ìtìjú ń lé èèyàn sídìí oúnjẹ, ó sì ń lé e kúrò níbi tó ti lè rìn tàbí sáré lójú èèyàn. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ní láti bá a gbẹ́ ẹ, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ gé e lọ́wọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mi ò ń sọ "o sanra". Mo máa ń bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ ká jọ wo nọ́ńbà yìí?" Bó bá ní òun fẹ́, màá fi ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti àyíká ikùn rẹ̀ hàn án. Màá wá sọ fún un pé kò di dandan kó di tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó wà ní kílò 96, bó bá dín kílò 5 péré, ìfúnpá rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kílò 5 yẹn ò ga ju agbára ẹnikẹ́ni lọ.

Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Kílò 68 ni mí láti bí ogún ọdún, mo sì máa ń fi yangàn pé ara mi ò yí padà. Ọdún tó kọjá ni mo jókòó sórí àga kan tí kò ní ibi ìgbọ́wọ́lé, mi ò lè dìde láìjẹ́ pé wọ́n fà mí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni iṣan ń dín, tí ọ̀rá sì ń gba ipò rẹ̀. Kílò lè dúró sójú kan kí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pààrọ̀. Apá mi ti di igi, ikùn mi sì ti yọ, èmi ń wo 68. Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa dìde kí n máa jókòó lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́, láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é kí n tó lè dá dìde.

Mo tún fẹ́ sọ èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan fọn lójijì. Gbogbo wa ń kí i, à ń sọ pé ó ti di ọmọge padà, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Kò dín oúnjẹ kù, kò ṣe eré ìdárayá. Jẹjẹrẹ ni, ìgbà tí wọ́n fi máa mọ̀, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ní bí ìwọ̀n ara bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí onítọ̀hún ò sì wá a, kó lọ rí dókítà. Èmi ni mo kígbe jù nínú àwọn tó ń kí i. Mi ò kí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara rẹ ńkọ́ ni mò ń béèrè.

Àbẹ̀kẹ́

Màmá, ẹ kú àfẹ́kù ọ̀rẹ́ yín. Ẹ ti jẹ́ kí n dákẹ́ ronú.

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kékeré kan. Mo ra òṣùwọ̀n. Láàárọ̀ mo rí 61.8, lálẹ́ ọjọ́ náà 63.3. Àyà mi já. Ṣé bó ṣe ń rí nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bó ṣe ń rí nìyẹn mà. Omi lítà kan, kílò kan ni. Bí ẹ bá mu ìdajì lítà tí ẹ gun òṣùwọ̀n, ìdajì kílò ti wọlé, kò sì sí ọ̀rá kankan níbẹ̀. Iyọ̀ máa ń gba omi dúró sára. Bí nǹkan oṣù bá ń sún mọ́lé, omi tún ń pọ̀ sí i lára obìnrin mìíràn. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán, kí ẹ tó jẹun, lórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ bá sì rí i pé ó ń bà yín lọ́kàn jẹ́, ẹ gbé e fún aládùúgbò.

Àbẹ̀kẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mi ò bá ọkọ mi sọ nǹkan kan. Mo kàn mú tépù lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wọn ara mi níwájú rẹ̀ bí Nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa, mo ka a síta: 76. Mo ní, "Ẹ wò ó, gbogbo ọdún yìí mo rò pé mo tóbi, irọ́ ni ojú mi ń pa fún mi." Mo fi tépù sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo jáde lọ wo àwọn ọmọ. Kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo rí tépù náà nínú ilé ìwẹ̀, ó fi há orí ìṣó. Lọ́jọ́ kẹrin ló tó sọ fún mi nínú òkùnkùn, nígbà tí mo rò pé ó ti sùn: "109." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣàyẹ̀wò ìfúnpá. Ó ga, wọ́n ti fún un ní oògùn. À ń rìn lálẹ́ báyìí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ìrìn yẹn ti dá ọ̀rọ̀ padà sáàárín wa ju bí mo ṣe rò lọ. Tépù ti di 107. Inú bí i lánàá torí ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò bá mi jáde, mo dá rìn.

Ní tèmi, mo ṣí àpótí. Mo mú ọ̀kan nínú aṣọ mẹ́ta yẹn wọ̀, èyí tí mo bẹ̀rù jù. Kò há mi níbì kankan. Ṣe ló tiẹ̀ ṣò ní èjìká, ó ń yọ bọ̀ sí apá. Mo jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lára fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Aránṣọ Tọkùnrin-Tobìnrin

Ó ṣeé tún ṣe dáadáa mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e o. Ẹ ní kí wọ́n tú ojú rírán apá nìkan, kí wọ́n ká èjìká wọlé ní ìdajì ínṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì rán apá padà. Kí wọ́n fi píìnì mú un lára yín kí wọ́n tó rán ohunkóhun. Bí wọ́n bá ti ń fi píìnì mú un lọ́wọ́, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.